Ibi Tí Ìyá Wáyà Wọlẹ̀ Sí

"Ta ló fojú kàn án kẹ́yìn?"

Ọ̀gá wa ló béèrè. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, ó ń retí èsì. Àwa mẹ́ta la dúró níwájú tábìlì rẹ̀: àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, Bàbá Erin tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù, àti èmi tí mo gbé ẹ̀rọ tuntun wọ iléeṣẹ́ náà. Fáànù òkè àjà ń yí, ó ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, àfi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò fẹ́ sọ.

Ohun tó sọnù kì í ṣe abẹ́rẹ́. Wáyà iná ni a ń ṣe níbẹ̀. A ó ra wáyà bàbà tó wà níhòòhò, a ó fi rọ́bà pupa, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé bò ó, a ó sì ká a sí róòlù kéékèèké tí àwọn oníṣẹ́ iná ń rà. Wáyà oníhòòhò yẹn kì í wá ní kékeré. Ara róòlù onígi ràbàtà ni wọ́n ń ká a sí, tó ga tó àyà mi bó bá dúró, tí wọ́n fi pákó dì yípo kí nǹkan má baà ha wáyà inú rẹ̀. Ẹyọ kan péré, odindi agbo ọkùnrin á làágùn lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í pè é ní róòlù. Ìyá wáyà ni wọ́n ń pè é, torí pé ara rẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ ti ń jáde. Bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan lọgun nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́ pé "Ìyá ti kú o!", má sunkún, wáyà ara róòlù kan ló tán.

Ìyá kan ló wá di àwátì.

Kí n tó débẹ̀, ojú àti ẹnu ni wọ́n fi ń ka ẹrù. Àǹtí mi á wọ sítọ́ọ̀, á máa nàka sí wọn, á máa kà á sókè. Bí ẹnì kan bá sì kí i láàárín, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà mìíràn, wáyà á tán lójijì, ẹ̀rọ á dúró, Ọ̀gá á máa pariwo kiri. Lọ́jọ́ kan tí ariwo náà pọ̀ jù, àǹtí mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé: "Ọ̀gá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nílé tó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Láti kékeré ni kò ti jẹ́ kí rédíò kankan gbádùn, gbogbo ẹ̀ ló ń tú wò. Ẹ jẹ́ kó wá tú wàhálà yìí náà wò." Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

Mo lẹ àmì pẹlẹbẹ kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìyá wáyà. Mo kan ojú ẹ̀rọ mọ́ géètì, mo kan òmíràn mọ́ ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, mo kan ẹ̀kẹta mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn iṣẹ́. Bí àmì bá ti ń kọjá, ojú á rí i, á sì ta kọ̀ǹpútà lólobó pé lágbájá ti wọlé, làkáṣègbè ti jáde. Bí wáyà bá sì ń tán lọ, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á ránṣẹ́ sí Ọ̀gá pé ó ti tó àkókò láti ra òmíràn. Kò sí pé ẹnì kan ń nàka mọ́. Mo fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò pẹ́ láyé. Olófòófó ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́.

"Ẹ rọra o," wọn á ní, "Olófòófó ń wò yín."

Ẹjọ́ tí Olófòófó rò nípa ìyá tó sọnù kò gùn. Ojú géètì rí i tó wọlé. Ojú sítọ́ọ̀ kò rí i. Ojú gbọ̀ngàn iṣẹ́ kò rí i. Ojú géètì kò sì rí i kó jáde.

"Bí kò bá jáde, ó ṣì wà nínú ọgbà, sà," mo sọ fún Ọ̀gá.

"Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn?" Ó gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú. Àǹtí mi ló ń wò, kì í ṣe èmi. "Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹ̀rọ kì í jalè. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá fi parí tí n kò rí wáyà mi, ẹ ó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì máa lọ sílé."

Àǹtí mi fọwọ́ kan ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí. A jáde.

Nígbà tí a dé ìta ló tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Kí Olófòófó ẹ tó dé, kò sóhun tó sọnù níbí rí."

"Ó lè máa sọnù kẹ́ ẹ má mọ̀, Àǹtí."

Ó dúró. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ wo ọmọ tí mo fẹ̀yìn mi pọ̀n! Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi mú ọ wá!"

Bàbá Erin bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eyín tó ń dùn ún kò tíì san tán.

Eyín yẹn wà lára ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ agbẹ́rù tó ń wà ní irin gígùn méjì níwájú, òun ló fi ń ki ẹrù lábẹ́ gbé sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ náà ní Erin, tí wọ́n sì ń pe ẹni tó ń wà á ní Bàbá Erin. Ọjọ́ tí ìyá wáyà yìí dé, eyín kò jẹ́ kó wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní pé erin wo ni eyín tún ń dùn. Awakọ̀ ayálò kan tó bá tírélà wá ló bá wa já ẹrù. Orí àkàbà lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni mo wà nígbà náà, mò ń kan ojú ẹ̀rọ mọ́ òkè, ẹrù kankan kò sì lè gba abẹ́ mi kọjá. Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ àmì mọ́ ọn lẹ́nu géètì kò tíì gbẹ dáadáa. Mo ké láti òkè pé, "Ẹ ṣì gbé e sápá kan ná! Ẹ má gbé e sínú oòrùn!" mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

A lọ jókòó sí kántíìnì láti rò ó. Kántíìnì wa kò ní ògiri. Páànù lórí òpó irin lásán ni, ọ̀sẹ̀ tí mò ń kan ojú ẹ̀rọ mi náà ni wọ́n ń kan páànù ọ̀hún. Àwọn ìyá tó ti kú ni tábìlì ibẹ̀. Wọn á da róòlù òfìfo dùbúlẹ̀, Ìyá Kántíìnì á tẹ́ nàílọ́ọ̀nù olódòdó lé e lórí títí dé ilẹ̀, ẹni tó bá sì dán an wò pé òun fa nàílọ́ọ̀nù yẹn sókè á gbọ́ èyí tí kò gbọ́ rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, gbogbo tábìlì ló ń mì bí ọ̀mùtí. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lẹ́bàá òpó ni kì í mì. Ibẹ̀ ni mo sọ di ọ́fíìsì mi láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè tẹ kọ̀ǹpútà lórí ohun tó ń jó.

"Ẹnjiníà," Ìyá Kántíìnì ní bó ṣe ń gbé ìrẹsì síwájú wa, "ṣé ẹ ò ní bá mi sún tábìlì yìí kúrò lẹ́bàá òpó ni? Ó ń dí mi lọ́nà. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́."

"Tó bá yá, mà," mo ní láìgbójú sókè. Mò ń ya àwòrán ọgbà iléeṣẹ́ sórí bébà: géètì níbí, sítọ́ọ̀ lọ́hùn-ún, ilé jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, táǹkì omi ní igun. Bí mo bá ti ní àlọ́ lọ́wọ́, oúnjẹ á tutù níwájú mi. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, kí la ń wá gan-an? Níbi tó bá wà, báwo ló ṣe máa rí?"

"Ìwọ náà ò mọ̀? Á dúró ni. Ìyá wáyà kì í dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú wáyà nínú, wáyà á máa yọ̀ lura wọn, á lọ́ pọ̀, tí ẹ̀rọ bá wá ń fà á, á máa já. Ẹni tó dé síbí lánàá mọ̀ ọ́n."

"Èyí tó bá ti dùbúlẹ̀, òkú ni," Bàbá Erin fi kún un, ó sì fi ṣíbí júwe àwọn tábìlì tó yí wa ká. "A kì í wá alààyè ní itẹ́ òkú."

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán mi: ohun tó dúró, tó ga tó àyà. Lẹ́yìn náà, Bàbá Erin pe awakọ̀ ayálò lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

"Ọ̀rẹ́, ìyá wáyà tó o bá wa já lọ́jọ́sí, ibo lo gbé e sí?"

"Ìyá ta?"

"Róòlù ńlá onígi!"

"Áà. Ẹnì kan ń pariwo lórí àkàbà pé kí n má gbé e sínú oòrùn. Mo gbé e sábẹ́ ìbòòji."

"Ìbòòji wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìbòòji máa ń lórúkọ ni?"

"Jọ̀ọ́, rò ó dáadáa."

"Mo ṣá ṣe é kó má baà yí lọ. Ilẹ̀ yín dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo wà lójú títì o, ẹ kú iṣẹ́." Ó pa fóònù.

Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Ìbòòji, àti ohun tí kò ní jẹ́ kó yí lọ! "Òkúta ló fi tì í nídìí," Bàbá Erin ní kíá. "Ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn." Ó ti di pé a ń wá ohun tó ga, tó dúró sábẹ́ ìbòòji, tí òkúta wà nídìí rẹ̀. Lójú mi, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ọ̀sán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé oòrùn kiri. Ní irú àkókò tí tírélà dé, mo dúró láàárín ọgbà, mo wo ibi tí òjìji bọ́ sí: ẹ̀yìn ògiri, abẹ́ táǹkì omi, ẹ̀gbẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Mo mú ojú ẹ̀rọ kékeré tí mo lè gbé lọ́wọ́, tó máa ń ké bíì-bíì bó bá ti súnmọ́ àmì, mò ń nà án síwájú bí ẹni tí ń fi tọ́ọ̀ṣì wá bàtà. Àǹtí mi ń tẹ̀ lé mi, ó ń yẹ abẹ́ tapólì wò. Bàbá Erin ń wá òkúta.

Ó rí òkúta lóòótọ́. Ó rí ọ̀kan lẹ́yìn ilé olùṣọ́ géètì, tó tóbi, tó sì tẹ́ lápá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Kí a tó débẹ̀, olùṣọ́ ti jáde.

"Òkúta tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn mi rèé," ó ní. "Àbí òun náà ti sọnù nínú kọ̀ǹpútà ni?"

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń kọjá, ẹnì kan á ṣá béèrè pé, "Ẹnjiníà, ṣé ẹ ti bá òkúta ṣèpàdé?"

Ojú ẹ̀rọ ọwọ́ mi kò ké níbì kankan. Mo mọ àléébù rẹ̀ kan: bí irin bá pọ̀ láàárín òun àti àmì, kì í ríran. Mo wá rò ó pé ẹ̀yìn irin kan ni ìyá wà. Níbo ni irin ti pọ̀ jù? Ní ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ jọ sí. Mo tún ìrònú náà rò, kò sí ibi tó ti jò. A fi Erin gbé ẹ̀rọ kan kúrò, a gbé èkejì, aṣọ àǹtí mi ta epo dúdú. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni ológbò kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú wọn kò tíì là.

"Ó kéré tán, a rí ìyá," ni Bàbá Erin wí.

Àǹtí mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi èékánná ha epo kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì ń wo géètì. Mo mọ ohun tó ń rò. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, inú sítọ́ọ̀ yẹn ló ti ń jáde. Èyí tó tún burú ju owó lọ ni ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sọ ọ́ ládùúgbò: pé Ìyá Sítọ́ọ̀ ló jí wáyà, pé ẹ̀rọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló tú u fó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń lọ sópin, Bàbá Erin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnjiníà, ìwọ lo ni Olófòófó. Ṣé o ò lè sọ fún un pé kó gbàgbé ni?"

Mo lè ṣe é. Bí mo bá tẹ nǹkan kan pa, yóò dà bíi pé ìyá yẹn kò gba géètì wọlé rí, Ọ̀gá á máa bá àwọn onítírélà fà á. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn àǹtí mi lẹ́yìn wa.

"Má dán an wò."

"Àǹtí, iṣẹ́ yín ni mò ń rò."

"Ṣé èmi ò mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni? Bó o bá pa á rẹ́, Ọ̀gá á gbàgbé, ìwọ náà á lọ máa tú nǹkan ẹlòmíì wò. Èmi ni màá máa ti inú àsè wá sílé, tí màá dúró lójú ọ̀nà, tí màá máa bi ara mi pé: nǹkan tó tóbi tó yẹn, ibo ló wọlẹ̀ sí?" Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀. Ìwọ ò fẹ́ mọ̀ ni?"

Mo wò ó. Mo ti máa ń rò pé ara bàbá mi ni mo ti mú àìsàn àìlè-fi-nǹkan-sílẹ̀ yìí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹni tí mo mú un lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí gbèdéke Ọ̀gá pé, òjò ṣú láti àárọ̀. Àǹtí mi ti gbá sítọ́ọ̀ mọ́, ó ti to gbogbo nǹkan bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá. Ó wá bá mi ní kántíìnì, ó tú ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó gbé e sórí tábìlì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi. A jókòó. Kò sẹ́ni tó jẹun nínú wa. Àwòrán ọgbà wà níwájú mi. Gbogbo ibẹ̀ ni mo ti fi bírò fà pa, àfi ibi tí mo jókòó sí, tí n kò tilẹ̀ yà.

Mò ń wò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò dé. Kò rọra dé. Atẹ́gùn gbá a wọ abẹ́ páànù láti ẹ̀gbẹ́, omi ń ta sára àwo, ariwo sọ.

"Ẹ sún tábìlì sáàárín!" Ìyá Kántíìnì ké. "Ẹ sún wọn! Omi ń wọ inú oúnjẹ!"

Àwọn òṣìṣẹ́ dìde. Ẹnì kan á ti tábìlì kan, tábìlì á yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù, á lọ. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo kó o mọ́ra, àǹtí mi mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ti tábìlì wa. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Mo gbé kọ̀ǹpútà fún àǹtí mi, mo fi èjìká tì í.

"Ẹnjiníà, ṣé ìwé ti jẹ gbogbo agbára ẹ tán ni?" Bàbá Erin ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí àgbà fi hàn ọ́."

Ó tì í. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ dín kù. Ó yí ẹsẹ̀ dà, ó tún tì í, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Olùṣọ́ géètì tó sá òjò wọlé kún wa. Àwa mẹ́ta jọ tì í, a ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ lójú nàílọ́ọ̀nù olódòdó, tábìlì kò mì. Kò tilẹ̀ mira bí àwọn yòókù ṣe máa ń mira bí èèyàn bá fi ìgbọ̀nwọ́ kàn wọ́n.

"Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni?" olùṣọ́ béèrè.

Bàbá Erin yọwọ́ lára tábìlì. Ó ń wò mí. Èmi náà ń wò ó. Mo gbójú sókè wo páànù tó bò wá, páànù tuntun tó ń fún wa ní ìbòòji láti ọjọ́ yìí, mo sì wo ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ibi tí mo dúró sí títí dé géètì. Ohun tó dùbúlẹ̀ kò lè yí lọ.

Àǹtí mi ti gbé kọ̀ǹpútà mi sórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí nàílọ́ọ̀nù mú, ó sì ká a sókè, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dán wò rí. Pákó ló wà níbẹ̀. Pákó ni yípo, wọ́n kàn án pọ̀ dáadáa, kò sí èyí tí wọ́n ṣí. Ní àlàfo tó wà láàárín pákó méjì, nǹkan kan ń kọ mànà, ó pọ́n bí iná àtùpà. Ẹ̀gbẹ́ tí mo lẹ àmì mọ́ ló kọjú sílẹ̀, gbogbo bàbà yẹn ló sì ti ń dí ojú ẹ̀rọ ọwọ́ mi.

Ó kúnlẹ̀ sínú omi. Ó ti ìka rẹ̀ bọ àlàfo náà, ó fọwọ́ kan wáyà, ó sì gbé orí lé pákó bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń mí.

"Ìyá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́, "ta ló ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀?"

"Ẹ sọ nàílọ́ọ̀nù mi sílẹ̀ jàre!" Ìyá Kántíìnì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. "Ṣebí láti ọjọ́ tí mo dé abẹ́ páànù yìí ni mo ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá mi sún un!"